Lápàdé kì í dúró de ọlọ́pàá: ṣé ká fi Àjà Ló Lẹrù lé ọmọ lọ́wọ́?

Ìwé kan wà tí kì í jẹ́ kí ilé rójú bó bá ti wọlé. Kì í ṣe ìwé gbèsè, kì í ṣe ìwé ilé ẹjọ́. Ìwé ìtàn àròsọ ni: Àjà Ló Lẹrù, tí olóògbé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tó sì jáde ní ọdún 1969. Láti ìgbà tí a ti ń yá àwọn ará wa ní Bouaké níhìn-ín ní ìwé náà, kò tíì sí ilé kan tó dá a padà láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ jiyàn lé e lórí. Bàbá á ní kò sí irú rẹ̀. Ìyá á ní kí ọmọ òun má fọwọ́ kàn án. Kí àwọn méjèèjì tó sọ̀rọ̀ tán, ọmọ á ti kà á dé ìdajì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí i kà, Lápàdé ni akọni inú ìwé náà. Ó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí, kò sí lẹ́nu iṣẹ́ náà mọ́, àmọ́ iṣẹ́ náà kò kúrò lára rẹ̀. Bí ọ̀ràn bá ṣẹ̀ lójú rẹ̀, kì í dúró kí àwọn agbófinró dé kó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọgbọ́n wà lórí rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òwe sì wà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé inú agbada ló ti ń bù ú. Àwọn ọ̀daràn tó ń bá fà á kì í ṣe ẹran rírọ̀. A kò ní sọ ìtàn náà síbí, nítorí ẹni tó bá sọ òpin ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn ti jẹ ẹran inú ọbẹ̀ olóbẹ̀. Ká sáà sọ pé ó dùn débi pé ní 1971, ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, Òkédìjí tún gbé Lápàdé jáde nínú ìwé mìíràn, Àgbàlagbà Akàn.

Kí a tó gbọ́ ohun tí àwọn òǹkàwé wa ń bá ara wọn jà lé lórí, ẹ jẹ́ ká rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kí Lápàdé tó dé. Nígbà tí D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní 1938, inú igbó ni akọni ti ń jà, iwin àti ẹbọra ni ọ̀tá rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni àwọn tó tẹ̀ lé e fi ń rìn lójú ọ̀nà igbó yẹn. Ní 1968, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé Fágúnwà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an ni Òkédìjí mú akọni jáde kúrò nínú igbó bọ́ sí ojú títì. Iwin di olè, ọfọ̀ di ẹ̀ṣẹ́ àti ìbọn, ẹṣin di mọ́tò. Àwọn tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá ní yunifásítì a máa ka ìwé yìí mọ́ àwọn tó ṣí ilẹ̀kùn fún ìtàn ọ̀daràn ní èdè wa. Wọ́n sì tún máa ń fi Òkédìjí wé James Hadley Chase, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí ìwé rẹ̀ kún ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà nígbà náà. Òkédìjí fúnra rẹ̀, tí a bí ní 1929 tó sì kú ní 2019, olùkọ́ ni. Bóyá ìdí nìyẹn tí gbólóhùn rẹ̀ fi gún régé bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ìjà inú rẹ̀ gbóná tó.

Àwọn ọmọ wa tó ń wo Reacher lórí fóònù rò pé nǹkan tuntun ni wọ́n ń wò: ọmọ ogun tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó ń dá ìdájọ́ kiri láìní ọ̀gá. Ìwé àkọ́kọ́ tí Lee Child kọ nípa Reacher jáde ní 1997. Lápàdé ti fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ṣáájú rẹ̀. A máa ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tí a bá fẹ́ yá ní ìwé náà, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ ju ká sọ fún wọn pé "èdè bàbá yín ni" lọ.

Àwọn tí inú wọn dùn sí i la ó kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń lọ sí lísè ní ìlú yìí sọ ohun kan náà fún wa lọ́nà oríṣiríṣi: àwọn kò mọ̀ pé Yorùbá lè sáré bẹ́ẹ̀. Yorùbá tí wọ́n mọ̀ ni ti ìkíni, ti ìbáwí, ti àdúrà àárọ̀ àti ti ọjà. Yorùbá tó ń sáré lójú títì, tó ń dọ́gbọ́n, tó ń halẹ̀ mọ́ olè, tó tún ń fi olè ṣẹ̀sín nígbà tó ń halẹ̀ mọ́ ọn, àwọn ò bá a pàdé rí. Nínú ilé ọ̀pọ̀ wọn, Faransé ni èdè eré, Yorùbá sì ni èdè iṣẹ́ ilé. Ìwé yìí yí i padà fún ìwọ̀nba ọjọ́.

Àwọn àgbà tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ìdí tiwọn. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa níhìn-ín jẹ́ ọmọ Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú agbègbè wọn, tí bàbá àti ìyá wọn tẹ̀ lé ọ̀nà òwò àti ọ̀nà rélùwéè tó dé Bouaké ní 1912. Wọ́n fẹ́ gbọ́ Yorùbá tó dùn létí. Èébú inú ìwé yẹn nìkan tó oúnjẹ alẹ́. A ti gbọ́ nípa bàbá kan tí kò bìkítà ẹni tó jalè tàbí ẹni tó mú olè, ìgbà tí Lápàdé bá la ẹnu nìkan ló máa ń sún mọ́ ẹni tó ń kàwé fún un. A ò lè bá a jà. Àwa náà ti ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo, ìtàn sì dúró dè wá.

Ẹ wá jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn tí kò fẹ́ ẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn wúwo, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àìlajú. Àwọn ìyá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé akọni tó ń ṣe ìdájọ́ fúnra rẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn mọ̀ ọ́n. Àwọn ti rí i lójúkojú. Kì í ṣe inú ìwé.

Ẹni tí kò bá gbé Bouaké kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jinlẹ̀ tó. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ìbọn dún ní ìlú yìí, nígbà tí ilẹ̀ sì máa fi rọ̀, ìlú ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Bouaké di olú ìlú wọn. Ọlọ́pàá kúrò, adájọ́ kúrò, báńkì tì, yunifásítì kó lọ sí Abidjan. Ẹni tó bá ní ìbọn ní òpópónà kan ni ọlọ́pàá òpópónà náà, òun náà sì ni agbowó orí àti adájọ́. Lára àwọn tó bá wọn jà ni dozo, ìyẹn àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ apá àríwá, tí oògùn bo ẹ̀wù wọn, tó jẹ́ pé bí ọmọ Yorùbá bá rí wọn, Ògbójú Ọdẹ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ kọjá kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn ní Ouagadougou, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2007. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún yẹn, wọ́n dáná sun ìbọn ní pápá ìṣeré ìlú yìí, wọ́n pè é ní iná àlàáfíà. Síbẹ̀ ó di 2011 kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ní 2017, àwọn sójà tún yìnbọn ní òpópónà wa nítorí owó àjẹmọ́nú, ọjà sì tún tì.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń ka Lápàdé lónìí kò mọ ìkankan nínú èyí, ìyá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọmọ bá rẹ́rìn-ín nítorí pé Lápàdé na ọ̀daràn, ohun mìíràn ni ìyá ń gbọ́. Ó ń rántí àwọn ọkùnrin tó ní òfin kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí náà àwọn ni òfin. Ó tún ń rántí ohun tó ṣì ń ṣẹlẹ̀ títí dòní: kí ẹnìkan pariwo "olè!" ní ọjà, kí àwọn èèyàn má béèrè ẹyọ ìbéèrè kan kí wọ́n tó gbé igi. Gbogbo àwọn tó gbé igi yẹn, lójú ara wọn, Lápàdé ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

A gbà pé ẹ̀rù yìí tọ́. Àmọ́ a ò gbà pé ó bá ìwé náà mu pátápátá. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó gbé igi àti Lápàdé: Lápàdé máa ń wádìí. Ó ń béèrè, ó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rìn, ó ń fi ọ̀rọ̀ wérọ̀. Èrò ọjà kì í wádìí, ìdí tí wọ́n fi ń pa aláìṣẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwé yìí kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: kí ni Lápàdé mọ̀ ní ojú ìwé yìí? Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Bó bá jẹ́ pé ó ṣì í mọ̀ ńkọ́, ta ni ì bá jìyà rẹ̀? Ìbéèrè kẹta yẹn ni àwọn ọmọ kì í tètè rí dáhùn.

Ẹ má sì gbàgbé ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Ní 1969, ogun abẹ́lé ṣì ń jó ní Nàìjíríà. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn kò tíì gbàgbé wẹ́tìẹ̀, nígbà tí àwọn olóṣèlú ń dáná sun ilé ara wọn, Àgbẹ̀kọ̀yà sì ń bá ìjọba jà nítorí owó orí ní agbègbè Ìbàdàn. Lẹ́yìn ogun, ìbọn pọ̀ lóde. Ní 1971, ọdún tí Àgbàlagbà Akàn jáde, wọ́n yìnbọn pa Oyenusi ní etí òkun Bar Beach ní Èkó, èrò sì kún ibẹ̀ bí ẹni lọ wòran. Ayé tí Lápàdé ti jáde nìyẹn. Bí òǹkàwé ìgbà náà ṣe ń rí olè tó ń gbilẹ̀, tí kò sì rí ẹni tó máa mú un, ó fẹ́ ẹnìkan tó máa ṣe é, ó kéré tán nínú ìwé. Àwa tí a gbé ìlú tí ìjọba ti ṣá lọ fún ọdún díẹ̀ yẹ ká mọ irú ebi bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ká tún mọ ohun tí ebi bẹ́ẹ̀ lè mú èèyàn jẹ.

Àwọn òǹkàwé kan wà láàárín méjì, tí wọ́n ní bó bá jẹ́ ìtàn ọ̀daràn la fẹ́, ká lọ ka Kọ́lá Akínlàdé. Wọn ò parọ́. Nínú Owó Ẹ̀jẹ̀, tó jáde ní 1976, Akin Olúṣínà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, làákàyè ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Kì í ja ìjà kiri, kì í sì í bá ọlọ́pàá ṣọ̀tá. Bí ẹ bá tú ọ̀rọ̀ náà wò, "ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́" gbé ilẹ̀ títẹ̀ sínú, ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Akin Olúṣínà ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Lápàdé ń ta ilẹ̀ nípàá. Fún ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá, àwa náà yóò fi Akínlàdé ṣáájú. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́: nínú àwọn tí a yá ní ìwé méjèèjì, ti Òkédìjí ni wọ́n ń padà wá béèrè ìkejì rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń yin Lápàdé àti àwọn tó ń bú u jọ ń gbàgbé, ọ̀rọ̀ èdè sì ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà wá láyè níbẹ̀. Gbogbo wọn ní ó ń dá ṣe é. Bẹ́ẹ̀ èdè Yorùbá kì í fi ojú rere wo ẹni tó ń dá nǹkan ṣe. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi "nìkan" kọ́: anìkànjẹ, anìkànjọpọ́n. Ẹ wo "àdáṣe," tí àwọn àgbà ní ó máa ń hun ọmọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹrù pàápàá: àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń yin akọni, akin, akíkanjú, kò sí "nìkan" nínú ìkankan wọn. Òkédìjí mọ èdè yìí ju gbogbo wa lọ, kò sì fi Lápàdé sílẹ̀ láìní ẹnìkejì: Tàfá Ìgíripá wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ògbójú ọdẹ Fágúnwà náà, nígbà tí wọ́n ń lọ sí Òkè Láńgbòdó, ẹgbẹ́ ni wọ́n kó lọ. Akọni tó dá wà bí igi oko, tí kò ní ìyá, tí kò ní àdúgbò, tí kò sẹ́ni tó máa bi í pé níbo lo sùn, Amẹ́ríkà ló ti ń wá, a kò bí i nílé wa.

Àkọlé ìwé náà ńkọ́? Àjà ló ni ẹrù. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ilé alámọ̀ rí mọ àjà: orí rẹ̀ là ń kó ẹrù pamọ́ sí. Àmọ́ àjà kì í ṣe igi kan. Ọ̀pọ̀ ìtí igi ni a tò, tí a fi amọ̀ rẹ́, tí ògiri àti òpó sì gbé dúró. A ò mọ ẹni tó lè wo irú àkọlé bẹ́ẹ̀ kó ní akọni adáwà nìkan ni ìwé náà ń yìn.

Ní 1973, Òkédìjí kan náà kọ eré oníṣe kan, Rẹ́rẹ́ Rún. Láwúwo ni aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó le, ó gbọ́n lẹ́nu, ó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ayé rẹ̀ dàrú. Ẹ fi ti Láwúwo ka ti Lápàdé. Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì, láàárín ọdún mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti kíkà gan-an, níbi tí ìdílé tó pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọmọ tó kọ́ ìwé ní Faransé mọ àmì orí lẹ́tà, ìṣòro ibẹ̀ sì nìyẹn. Ó rò pé è ti Yorùbá ni è ti Faransé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. È ti Faransé sún mọ́ ẹ tiwa, é tiwọn sì sún mọ́ e. Àmì tiwa kò sọ irú fáwẹ̀lì tó jẹ́, ohùn ló ń sọ: kó lọ sókè tàbí kó wálẹ̀. Ṣ tiwa ni ch tiwọn. U tiwa ni ou tiwọn, nítorí náà kó má pe "Olú" bí ẹni tó fẹ́ súfèé. J tiwa le ju tiwọn lọ. Ẹ kọ́ ọ ní àwọn yìí ní ìrọ̀lẹ́ kan, kó tó ṣí ìwé.

Ẹ sì fi àkọlé náà dán an wò. Ọmọ tó bá kà á láìka àmì sí lè pè é ní "Ajá ló lẹ́rù," kó rò pé ajá kan ni ẹ̀rù ń bà. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, kí ẹ tó fi hàn án pé ẹrù tí à ń rù àti ẹ̀rù tó ń bani, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Kò ní gbàgbé mọ́. Ẹni tó bá rí ẹ̀dà àtijọ́ náà lè bá ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ pàdé nínú rẹ̀, irú bí "aiye" àti "enia," nítorí 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí èyí tí à ń lò báyìí. Àgbà tó bá jókòó tì í lè yanjú ìyẹn ní ìṣẹ́jú kan.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá má dá a kà. Kí àgbà kà á sókè létí rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, orí kan lálẹ́ kan, kó sì dúró níbi tí ìjà bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ ohun tí òun ì bá ṣe. Ẹ jẹ́ kí ìyá tó rí 2002 sọ ohun tó rí, bó bá lè sọ ọ́. Àwọn ilé kan ti ṣe é báyìí, àwọn ìyá méjì tó ní kí ìwé náà má wọlé sì ni àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ wọn nísinsìnyí pé ibo ni Lápàdé dé. Ìyá kẹta kò yí ọkàn padà. Ó ka ìwé náà tán fúnra rẹ̀, ó dá a padà fún wa, ó ní kò sí ohun tí òun fi lè gba ọmọ òun láyè. A gba ìwé náà, a sì kí i.

Ẹ̀dà mẹ́ta péré ló wà lọ́wọ́ wa, ọ̀kan ti já lẹ́yìn, òmíràn sì ti wà ní Dar-es-Salam láti oṣù tó kọjá tí a ò rí i gbà. Ẹ̀yin tí ẹ máa wọ ọkọ̀ Èjìgbò bọ̀ lẹ́yìn ọdún, bí ẹ bá ráyè yà ní Ìbàdàn, ẹ bá wa wo àwọn ilé ìtàwé ibẹ̀ bóyá ẹ máa rí Àgbàlagbà Akàn. Ẹ̀dà méjì la fẹ́. Ẹ fi ọ̀rá wé wọn dáadáa, ibodè pọ̀ lọ́nà, òjò sì lè ká ẹrù mọ́ orí ọkọ̀.